Ọ̀wọ̀ Tí A Ń Bù Fún Ọtí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdásẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lọ́dọ̀ wa àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ tàbí ìwé gbé lọ sí Àkúrẹ́, Èkó àti ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ nílé ìjọsìn. Ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ sì ti rí i pé bí wàásù bá parí, àwọn kan nínú àwọn tó ṣe àmín ló ń jókòó sídìí kúlà nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Èmi kò wá wàásù. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ọtí ṣe di ẹni ńlá láàárín wa, tí a kò lè sọ ọmọ lórúkọ kí ó má wà níbẹ̀, tí a kò lè gbé ìyàwó, sin òkú, wúyè tàbí ṣe ìpàdé ọmọ ìlú láìránṣẹ́ pè é, tí ẹni tó bá ní òun kò mu ún yóò sì máa tọrọ gáfárà bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ. Ẹmu kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹmu ní ààlà tirẹ̀. Èyí tí a dá láàárọ̀ yóò ti máa kan ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, kò ṣeé gbé fún àlejò mọ́. Kò sí ẹni tó lè kó o pamọ́ sábẹ́ ibùsùn kí ó máa dá a mu lóru. Igbá kan ló ń yí ká láàárín àgbà mélòó kan. Ọmọdé ló ń bù ú, ọmọdé kì í sì í jókòó mu ún pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá ń mu ìmupara, gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í fẹ́ fi ọmọ wọn fún un.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ọtí lè ṣe. Ẹ ti gbọ́ ìtàn Ọbàtálá. Olódùmarè rán an pé kó wá dá ilẹ̀ ayé, ó bá ẹmu pàdé lọ́nà, ó mu ún, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, àwọn tó ń bọ Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ìtàn yẹn ń sọ. Kò sọ pé ènìyàn lásán ni Ọbàtálá, tàbí pé ìwà rẹ̀ kò dára. Òrìṣà ńlá ni, aláṣọ funfun, ẹni tí Olódùmarè fọkàn tán débi tó fi gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ẹmu. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ àti aláìníláárí nìkan ni ọtí ń ṣe lọ́ṣẹ́, ẹ rán an létí ẹni tí ayé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọtí líle tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Rotterdam àti Hamburg ló yí ọ̀rọ̀ padà. Jin kì í kan. Ó ṣeé kó sí àká, ó ṣeé tà jìnnà, ó ṣeé fi san gbèsè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, owó ibodè orí ọtí ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba amúnisìn ń gbà ní èbúté Gúúsù Nàìjíríà. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ CMS ní Èkó pariwo títí pé ọtí náà ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1909, ìgbìmọ̀ náà gbè sẹ́yìn ìjọba, ọtí sì ń wọlé lọ. Nígbà tó wá di àwọn ọdún 1930, tí àwọn ènìyàn wa ti mọ bí a ṣe ń se ògógóró láti ara ẹmu, ìjọba kan náà rán ọlọ́pàá lé wọn nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ rò ó wò: ọtí tó sanwó ibodè kò lẹ́bi, ọtí tí wọ́n sè ní igbó wa ló di arúfin. Láti ìgbà yẹn ni owó ti máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ìlera nínú ọ̀ràn ọtí ní ilẹ̀ yìí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé wọ́n á sọ fún yín pé àṣà ni. Wọ́n á gbé ṣínáàpù, irú jin yẹn kan náà, sílẹ̀ níbi ìdána, wọ́n á ní láìsí i, àwọn baba ńlá kò ní gbọ́. Obì, omi tútù àti ẹmu ni àwọn baba ńlá fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ Rotterdam tó dé. Omi tútù kò tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní, òun náà la ṣì ń ta sílẹ̀ kí ọ̀nà lè tutù. Ẹni tó bá fẹ́ di àṣà mú, kó dì í mú dé ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, nítorí ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà la jọ wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ lójijì. Orí á máa fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní ríran mọ́, yóò dákú, kò sì ní jí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 18 ti kú nínú àwọn bí 23 tí ó mú. Ìbẹ̀rù bo gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí kò tíì pé ọdún kan tí Ebola kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn kan nílùú ní òrìṣà ló ń bínú, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti wọ ojúbọ tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀. Inú ògógóró ni wọ́n ti mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé methanol, nítorí ó lè gba ẹ̀mí ẹnì kan là nínú yín. Ó jọ ọtí lójú, ó jọ ọtí lóòórùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímu. Ilé iṣẹ́ ló wà fún. Bó bá wọnú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di májèlé tó ń pa iṣan ojú, tó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kì í fara hàn kíá. Ẹni tó mu ún lè sùn, kó jí, kó máa rò pé ọtí àná ló ṣì wà lójú òun, nígbà tí májèlé ti ń ṣiṣẹ́ nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, tó sì ní ojú òun ń ṣú, tàbí òun ń rí funfun, tàbí èémí rẹ̀ ń sáré, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ní kó sùn kí ọtí dá lójú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà pé ọtí ló mu. Oògùn wà fún un, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì wà. Ẹni tí wọ́n bá pẹ́ gbé lọ, bí kò bá tilẹ̀ kú, ó lè má ríran mọ́ títí ayé.

Ní ọdún kan náà, irú ọtí bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní oṣù kẹfà pé òun ti fòfin de ògógóró. Ẹ̀yin náà mọ̀ bóyá ògógóró kúrò lọ́jà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Òde-Ìrèlè ni bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ka sí ife. Wọ́n fura sí òrìṣà, wọ́n fura sí àrùn, wọ́n fura sí oògùn koríko. Ọtí wà láàárín wọn, ó jókòó bí ẹbí, a kì í sì í fura sí ẹbí.

Ẹ má sì rò pé methanol nìkan ni ẹjọ́. Ọtí gidi, tó ní orúkọ lára, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń pa ju bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, WHO kéde pé ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 ni ọtí pa káàkiri ayé ní ọdún 2019 nìkan, mílíọ̀nù méjì nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin. Láti 1988 ni àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa àrùn jẹjẹrẹ: ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ti ọmú obìnrin kún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, WHO sọ ọ́ láìfi bò pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò ní ewu fún ara. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé bàbá lágbájá mu ọtí títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọtí pa ní ogójì ọdún kò sí níbẹ̀ láti wá jẹ́rìí.

Ẹ lọ sí gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí awakọ̀ tó gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ sí Benin, kí ọlọ́kadà tó gbé èrò àkọ́kọ́, ó ti dúró sídìí paraga. Oògùn ni wọ́n ń pè é: ti jẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti agbára ọkùnrin. Ewé àti egbò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọtí líle ni wọ́n sì rẹ ẹ́ sí. Ẹni tó mu ife paraga ní aago mẹ́fà àárọ̀ ti mutí kó tó jẹun, ó sì máa jókòó sídìí ọkọ̀ tí ọmọ yín wà nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ bú ìyá tó ń tà á. Owó iléèwé ọmọ ni ó ń wá, bí ẹlòmíràn bá gbé ọjà tó dára lé e lọ́wọ́, yóò tà á. Àgbo tí a fi omi sè wà, ó sì ní ẹni tí yóò rà á. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

Nínú ilé ńkọ́? Ilé pọ̀ ní agbègbè wa tí owó kòkó wọlé láàárín oṣù kẹwàá sí ìkíní, tí kò sì sí ohun tí ìyàwó àti ọmọ rí dì mú nínú rẹ̀ nígbà tí òjò bá padà dé. Ilé pọ̀ tí wọ́n fi oko kòkó dógò nítorí wọ́n fẹ́ ra páálí bíà tí yóò tó gbogbo ènìyàn níbi ìsìnkú bàbá. Bàbá yẹn ló gbin oko náà. Àwọn ọmọ fi í dógò kí a má baà sọ pé ọtí kò kárí níbi òkú rẹ̀. Àwa tí a jókòó mu ọtí yẹn tí a kò béèrè ibi tí owó ti wá, a pín nínú gbèsè náà, bí a tilẹ̀ kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá wá ńkọ́, èyí tó ti sọ ọmọ iléèwé di ọ̀mùtí. Ọ̀rá kan tó gba 30ml kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Agbára ọtí inú rẹ̀ lè tó 40%. Ó wọ àpò aṣọ iléèwé. Ọmọ á fi eyín já a, á gbé e mì, á ju ọ̀rá nù, olùkọ́ kò ní rí ìgò kankan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, NAFDAC, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tó ń pọn ọtí jọ fọwọ́ sí ìwé pé ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré yóò kúrò lọ́jà ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fún wọn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisọla Adéyẹyè tó jẹ́ olórí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ, ariwo ta. Wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ní owó tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ yóò ṣòfò, ilé aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún ọjọ́ náà di ìparí ọdún 2025. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni àwọn aṣòfin àgbà ní kí wọ́n má sún un mọ́. Mo gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àánú wọn sì ṣe mí, nítorí ebi kò ṣeé fi ṣeré. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń já ọ̀rá lẹ́yìn iléèwé kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò gbé àkọlé lọ sí Abuja nítorí rẹ̀. Àwa ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mi ò ní kí a dúró de Abuja. Ẹ wo ohun tí Ọ̀wọ̀ ń ṣe lọ́dọọdún nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà ọdún Ìgógó, ní ìrántí Ọ̀rọnsẹn, olorì ayé àtijọ́. Ọjọ́ 17 ni ọdún náà. Ìlù kì í dún. Agogo ni a ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, ìbọn kì í ró. Ìlú tó fẹ́ràn ìlù, ìlú tí fìlà jẹ́ iyì ọkùnrin, fi méjèèjì sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Olówó gbà, tálákà gbà, ẹni tó wá láti Amẹ́ríkà ṣí fìlà lórí. Kò sí òfin Abuja kankan nínú rẹ̀. Ìlú ló jókòó, tó ní báyìí ni kó rí, tí ojú sì ń ti ẹni tó bá fẹ́ rú u. Ta ló wá sọ pé ìlú tó lè pa ìlù lẹ́nu mọ́ kò lè sọ pé ọtí kò gbọdọ̀ wọ ibi ìsọmọlórúkọ? Ìlú ló gbé ọtí gun orí àga. Ìlú ló lè ní kó sọ̀kalẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, èyí ni ohun tí ẹ lè máa ṣe. Bí àgbà bá gbé ife fún ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, dúpẹ́, kí o sì gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má purọ́ pé oògùn ni o ń lò. Sọ pé o kì í mu ọtí. Bí wọ́n bá ní àrífín ni, èmi àgbà ni mo ń sọ fún ọ pé kì í ṣe àrífín. Àrífín ni kí àgbà fi ipá mú ọmọ ọlọ́mọ láti mu ohun tí kò fẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé bíà dúdú ń fún aboyún lẹ́jẹ̀. Ohun tí ìyá bá mu ni ọmọ inú rẹ̀ ń mu, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́ kó tó dé ayé.

Ìwọ tí ọtí ti mú, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí o fi rí i mu, mi ò bú ọ. Àìsàn ló ń ṣe ọ́, ó sì ní ìtọ́jú. Má dá ara rẹ tì mọ́lé pé o ti fi sílẹ̀ lónìí lónìí. Ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, bó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, sọ òtítọ́ fún wọn, kí wọ́n bá ọ yọ ọ́ kúrò lára. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ yé fi orúkọ ọ̀mùtí pè é lójú pópó, kí ìtìjú má baà dá a padà sídìí ìgò.

Ó ku ohun kan, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nílé àti lẹ́yìn odi. Nínú òfin ẹgbẹ́ púpọ̀ ní agbègbè wa, ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé, ẹni tó bá jà, ẹni tí kò bá san owó, páálí bíà ni ìtanràn rẹ̀. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kí ẹ yí i padà. Ẹ sọ ọ́ di àpò sìmẹ́ńtì fún iléèwé, tàbí kí ẹ máa kó owó rẹ̀ jọ fi san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí i san. Bí àgbà kan bá bínú pé ẹ fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ẹ ní èmi ni mo rán yín, kí ó máa bọ̀ nílé mi.